Ìwọ̀n Afẹ́fẹ́ Nìwọ̀n Ìgbòkun

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí eku bá kọ́ ilé tó ju ara rẹ̀ lọ, òtútù ni yóò máa bá a sùn. Bí ó bá sì kọ́ èyí tó kéré jù, ìrù rẹ̀ á wà níta, ológbò á rí i fà. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí eku nìkan. Mo ti rí i lára aṣọ, mo ti rí i lára ilé, mo sì ti rí i lára ìnáwó ìgbéyàwó. Àmọ́ ibi tó ti yé mi jù lọ ni etí omi, níbi tí ènìyàn ti ń fi aṣọ gba afẹ́fẹ́ mú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ńlá ni mo gbé dé o. Eré kan ni wọ́n ń ṣe lójú omi nílùú òyìnbó tí wọ́n ń pè ní windsurfing. Ẹ mú pákó pẹlẹbẹ kan tó gùn ju ènìyàn lọ díẹ̀, ẹ gbé òpó kan nàró sí àárín rẹ̀, kí ẹ ta ìgbòkun mọ́ òpó náà. Kò sí àjẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ibi ìjókòó. Orí ìdúró ni ènìyàn wà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi kan tó yí ìgbòkun ká mú, ó sì ń fi ìwúwo ara rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ fa okùn. Òpó ọ̀hún kò dúró gbagidi bíi ti ọkọ̀. Ìdí rẹ̀ ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún, bí ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á wó sómi. Ọwọ́ ènìyàn ló dá a dúró.

Àwọn tó ní àwọn ló bẹ̀rẹ̀ eré yìí pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Newman Darby gbé tirẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Popular Science ní 1965. Ní California, Jim Drake àti Hoyle Schweitzer lọ gba ìwé àṣẹ pé àwọn ló ni ọgbọ́n náà; 1968 ni wọ́n béèrè fún un, 1970 ni wọ́n rí i gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985, àwọn adájọ́ gbà pé ọmọdékùnrin kan, Peter Chilvers, ti ṣe irú rẹ̀ ní erékùṣù Hayling láti 1958, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12. Ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà kò sì ta púkẹ́ mọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọdé fi pákó àti aṣọ ṣeré, àwọn àgbàlagbà wá ń du iṣẹ́ rẹ̀ ní kóòtù.

Erékùṣù Hayling yìí gan-an ni mo ti wo eré náà pẹ̀lú ojú ara mi, ní òpin oṣù September 2022. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Portsmouth, tí kò jìnnà síbẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ kí i. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún, ti kó sínú eré yìí tọrùn-tọrùn. Ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Kí ẹ tó bá ẹ̀gbọ́n mi wí pé ó ń fi ẹ̀rù kó ọmọ mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá.

Bàrígà ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní ọkọ̀ yanrìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá rí, ẹ ó ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ onípákó tó gbòòrò, tí ìgbòkun rẹ̀ ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n fi tapólì àti àpò ìrẹsì rán, tí àbùlẹ̀ ara rẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn ọkùnrin á wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà pẹ̀lú garawa, wọ́n á máa bu yanrìn títí ọkọ̀ yóò fi kún, tí omi yóò kù díẹ̀ kó dé etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ta ìgbòkun, afẹ́fẹ́ á sì gbé wọn wálé. Nínú ilé yín ní Èkó níbẹ̀ yẹn, àfàìmọ̀ kí yanrìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má wà lára ògiri rẹ̀.

Bàbá Oníyanrìn ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá wa. Ìgbòkun méjì ló máa ń wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó pe ńlá ní Ìyá, ó pe kékeré ní Ọmọ. Bí wọ́n bá bi í ní ìdí tó fi ń ru ẹrù aṣọ méjì kiri, èsì kan náà ni: "Ìyá ló ń bọ́ wa, Ọmọ ló ń gbé wa délé."

Lọ́jọ́ kan ní oṣù April 1989, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ojú ọ̀run dúdú láti ìlà oòrùn. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà mọ̀ pé nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, ìlà oòrùn ni ìjì ti máa ń wá, àti pé kì í pẹ́ kó tó dé. Bàbá Oníyanrìn sọ Ìyá kalẹ̀, ó ta Ọmọ. Ọlọ́kọ̀ kan tí wọ́n jọ ń bọ̀ kígbe sí i láti òkèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ tí à ń wá ló dé yìí, ẹ wá ń ká aṣọ! Ṣé oorun ń kùn yín ni?" Àwọn ọmọ inú ọkọ̀ méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìjì náà dé. Ọkọ̀ tó ta ìgbòkun ńlá kò tilẹ̀ ráyè sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tòun ti yanrìn inú rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n, mẹ́ta ló bọ́. Ẹni tí kò bọ́ jẹ́ ọmọ ojúlé kẹta sí wa. Kíláàsì kan náà lòun àti ẹ̀gbọ́n mi wà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi kì í ti í wo ojú omi. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá Third Mainland tán ní 1990, bí a bá wọ mọ́tò gba orí rẹ̀, itan ara rẹ̀ ló máa ń wò títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin yìí ni ọmọ rẹ̀ wá ń fi pákó kan ṣoṣo wọ òkun o. Ayé yìí mà ń dápàárá!

Ní àárọ̀ Sátidé kan, afẹ́fẹ́ ń lu fèrèsé, ọmọ náà sì ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ibi iṣẹ́. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Bá mi dá a dúró. Bí kò bá gbọ́, tẹ̀ lé e." Mo bá ọmọ sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Mo bá tẹ̀ lé e.

Ní etí òkun Hayling, òkúta wẹẹrẹ ló pọ̀ ju yanrìn lọ. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn, ìgbì ń yọ eyín funfun láti etí omi títí dé ibi tí ojú mi mọ. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́. Ó ní nọ́ọ̀tì 22 ni, bí ó bá sì bì lù wá, ó ń kan 30. Nọ́ọ̀tì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì ní wákàtí. Nítorí náà, nǹkan tó ń fẹ́ sí wa lójú yẹn ń sáré bíi mọ́tò nínú ìgboro.

Ìgbòkun méjì ni ọmọ náà ní. Bí wọ́n ṣe ń wọn ìgbòkun rèé: wọ́n á wo iye ibi tí aṣọ náà fẹ̀ dé. Aṣọ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, 1 nìyẹn. Ìgbòkun 5.0 jẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ márùn-ún. Tirẹ̀ jẹ́ 5.7 àti 4.5. Èyí tó ti ta sórí òpó ni 5.7.

Mo ní, "Ṣé èyí kò tóbi jù?"

Ó ní, "Àńkù, ẹ wo bọ̀ọ̀dá yẹn. 5.3 ló ń lò. Tí mo bá lọ mú kékeré, wọ́n á máa wò mí bí ọmọdé. Àti pé mo ti tà á tán, kí n tó tú u kí n tó ta òmíràn, ìdajì wákàtí á lọ, òtútù á pa mí."

Ẹ ò rí i pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ kò sí nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ yẹn. Ojú ayé wà níbẹ̀, ọ̀lẹ wà níbẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń tú okùn tirẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ara rẹ̀ sì gbó bí igi obì. Ó gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí à ń sọ, torí pé ọmọ yẹn ń fi èdè méjì sọ̀rọ̀ pọ̀. Ó rọra súnmọ́ wa, ó sì bi ọmọ náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Kílò mélòó ni ọ́? Ó ní 78. Pákó wo lo fẹ́ gùn? Ó nàka sí i. Ta ni ò ń wò? Ọmọ náà nàka sí ọ̀gbẹ́ni onígbòkun 5.3. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ. Wo ọmọbìnrin yẹn náà." Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń fò lórí ìgbì bí ẹyẹ lékeléke, kò sì ju 60 kílò lọ. Ìgbòkun 3.7 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lé ọ̀gbẹ́ni ọlọ́gọ́rùn-ún kílò kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójú wa.

Bàbá náà wá jókòó sórí òkúta, ó ń ṣàlàyé. Mo yọ ìwé mi jáde. Oníwèé ìròyìn kì í fi bírò sílé. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 30 ń fi ìlọ́po mẹ́rin agbára ti nọ́ọ̀tì 15 ti aṣọ kan náà. Kódà láti 20 sí 28, tí kò jọ nǹkan lẹ́nu, agbára náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì. Ó ní ìdí nìyẹn tí ènìyàn kò fi gbọ́dọ̀ fi ìgbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ yan aṣọ. Kó wo ìgbà tó ń bì pẹ̀lú. Òtútù náà tún ní tirẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju gbígbóná lọ. Ti ọjọ́ tí omi fẹ́ dì fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wúwo ju ti ọ̀sán gangan ní Èkó lọ, bí eré wọn bá tilẹ̀ dọ́gba.

Ó ní ẹni tó bá wọn bí 75 sí 80 kílò, ní nọ́ọ̀tì 20, ìgbòkun bíi 5.0 tó o. Bí ó bá di 25, kó wá nǹkan bíi 4.2. Bí ó bá di 30, kó má ju 3.7 lọ. Ẹni tó fúyẹ́ á dín in kù, ẹni tó wúwo á fi díẹ̀ kún un. Pákó náà gbọ́dọ̀ máa kéré bí ìgbòkun bá ṣe ń kéré, torí pákó ńlá nínú ìjì ń ta lójú omi bí ẹṣin tí kò gba ìjánu.

Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìgbì. Ó ní bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ènìyàn lè fara da ìgbòkun tó tóbi díẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó di í mú kó sì máa sáré lọ. Mo rántí nígbà tó ń sọ ọ́ pé nígbà tí Antoine Albeau ará Faransé sáré dé nọ́ọ̀tì 53.27 ní Lüderitz, ní Namibia, ní 2015, inú kòtò omi tóóró tí wọ́n dìídì gbẹ́ ló ti sá a, kí ìgbì má baà dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìgbì, ènìyàn gbọ́dọ̀ yí bírí, kó fò, kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún yí padà. Ìgbì fúnra rẹ̀ ń tì í láti ẹ̀yìn. Agbára méjì ló ń bá rìn, ti omi àti ti afẹ́fẹ́. Aṣọ ńlá kì í jẹ́ kó lè yí. Bí afẹ́fẹ́ bá sì bì lójijì, aṣọ ńlá á fà á já kúrò lórí pákó, á sọ ọ́ síwájú bí òkò kànnàkànnà.

Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ èyí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ó dáa, ṣé kí òun lọ tọrọ 3.7 mìíràn lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn nígbà náà. Mo rò pé bàbá náà á ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ó mi orí. Ó ní aṣọ tó kéré jù náà ń pa ènìyàn. Ní etí omi, ibi tí ìgbì ti ń fọ́, o nílò agbára tó máa tètè fà ọ́ kọjá. Bí o bá wà nínú kòtò láàárín ìgbì méjì, ìgbì iwájú á dínà afẹ́fẹ́ mọ́ ọ. Bí aṣọ rẹ bá kéré jù, wàá dúró gọ̀ọ̀gọ̀ níbẹ̀, ìgbì á gbé ọ, á sì fi ọ́ lu òkúta. Ó ní 4.5 tí o ní yẹn ló bá ọ mu lónìí. Kí o fa okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ le dáadáa, kí orí aṣọ lè ṣí díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó bá pọ̀ jù lè gba ibẹ̀ jáde.

Ọmọ náà wo èmi, ó wo òkun, ó wo ìgbòkun tó ti fi ìka dídì ta. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ìdajì wákàtí lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ omi, àyà mi tó ń já tẹ́lẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde. Ó gun ìgbì kan bọ̀, ó yí, ó tún padà sẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni onígbòkun 5.3 ti jáde wá sórí òkúta nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní afẹ́fẹ́ ti ju òun lọ. Pẹ̀lú gbogbo kílò rẹ̀! Ọ̀dọ́kùnrin mìíràn tó mú aṣọ ńlá wọlé ni afẹ́fẹ́ sọ nù lójú wa. Òpó rẹ̀ ṣẹ́, omi sì gbé e lọ débi tó jìnnà ní ìsàlẹ̀ kó tó gúnlẹ̀. A rí i lẹ́yìn náà tó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ lórí òkúta, ó gbé pákó sórí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́ta ni fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ti wà ní ìsinmi oúnjẹ. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó fi tù ú lójú pọ̀. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó wọ omi. Èwo ló tà, Ìyá àbí Ọmọ?"

Mo ní, "Ọmọ ni."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo gbọ́ tó fa imú. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹun kí ẹ tó máa bọ̀ o." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó ti pé ọdún 33 nígbà náà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Èkó ni ọ̀rọ̀ ìgbòkun yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ nílùú wa náà kò kéré. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa la mọ bí ó ṣe ń bì lù wá. Síbẹ̀ ẹ wo òde àríyá. Ẹ wo aṣọ ẹbí, ẹ wo ilé ìwé tí à ń fi ọmọ sí torí pé ibẹ̀ ni ọmọ aládùúgbò ń lọ. Ta ni à ń wò? Ṣé ìwúwo wa àti tirẹ̀ dọ́gba? Ọ̀pọ̀ wa ni kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń dà wá láàmú. A mọ̀ pé aṣọ náà ti tóbi jù. Àárẹ̀ àtitú u ló ń mú wa, àti ojú àwọn tó wà létí omi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tó dín ìgbòkun kù nínú ìjì kò fi eré sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ti le, aṣọ kékeré á fà á bí aṣọ ńlá ti ń fà á lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀. Ọmọbìnrin onígbòkun 3.7 yẹn kò gbẹ́yìn ẹnì kan. Ẹ má sì gbàgbé apá kejì: ẹni tí ẹ̀rù bà tó wá ká gbogbo aṣọ rẹ̀ nílẹ̀, tó ta ṣọ́ọ̀bù, tó yọ ọmọ nílé ìwé pátápátá, inú kòtò láàárín ìgbì méjì lòun náà ń wá.

Bàbá Oníyanrìn fi ọkọ̀ sílẹ̀ nígbà tí eegun rẹ̀ kò gbà á mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ló kú sí, nínú yàrá tirẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tó bí. Láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ yanrìn, kò lówó jù, kò sì tòṣì jù. Kò kàwé kankan nípa afẹ́fẹ́. Ohun tó mọ̀ kò ju pé kí ènìyàn gbé ojú sókè wo ìlà oòrùn, kí ó wo ẹrù inú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó sì di etí sí ẹ̀rín ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì nígbà tí ó bá ń yan aṣọ.